Afárá Tí A Kò Kọ́ Nínú Òjò

Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: mo fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ mi sára òkúta. Mo fẹ́ ẹ gan-an ni. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ irú ẹ̀, irọ́ ló ń pa, kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Ọdún méjìlá ni mo ti lò nínú Ẹgbẹ́ Alájọṣe ti Ìfàkò. Mo ti jẹ akọ̀wé, mo sì ti ṣe alága ìgbìmọ̀ oúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹrin torí pé obìnrin ni mí, kí wọ́n tó wá fi mí jẹ Ààrẹ lóṣù keje ọdún 2000. Obìnrin àkọ́kọ́! Lọ́jọ́ tí Àlááji Dàwódù bọ́ ẹ̀wọ̀n oyè lọ́rùn ara rẹ̀ tó fi kọ́ mi lọ́rùn, orí mi wú. Mo wo gbogbo àwọn ọkùnrin tó máa ń ní kí n lọ wo ìrẹsì níná, mo rẹ́rìn-ín sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan, kì í sì í ṣe ti ẹ̀sìn. Tíṣà bíi tèmi wà níbẹ̀, oníṣẹ́ ọba láti Aláúsá wà níbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀; Kristẹni ará Èkìtì ń bẹ, Mùsùlùmí ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń bẹ. Gbogbo Wẹ́sìdeè ni à ń pàdé ní gbọ̀ngàn kan ní Ògbà láti sọ bí a ṣe máa ran àdúgbò lọ́wọ́. Òfin wa sọ pé ọdún kan péré ni Ààrẹ ń lò, láti ọjọ́ kìíní oṣù keje dé ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà. Ṣùgbọ́n àṣà kan wà tí kò sí nínú òfin, tó sì le ju òfin lọ: Ààrẹ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀, kó parí ẹ̀, kó pe àlejò wá ṣí i, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹ̀ sára òkúta mábù kó tó sọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹlòmíì bá dá sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Tó o bá parí ẹ̀ fún un, orúkọ ta ni wọ́n fẹ́ kọ síbẹ̀?

Tèmi ti wà nílẹ̀. Yàrá ìkàwé ni mo fẹ́ kọ́ fún àwọn ọmọ Ìfàkò. Mo ti ya àwòrán òkúta ẹ̀ kí n tó ya ti ilé gan-an. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, mi ò bínú. Màmá mi ní Ìkéré kú láìmọ orúkọ ara ẹ̀ kọ. Igi ìdáná ló ń tà tó fi rán mi níléèwé. Òun ló sọ mí ní Bọ́sẹ̀dé torí ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n bí mi, mo sì ti ṣèlérí fún ara mi pé orúkọ tó fún mi yìí máa wà lára nǹkan tí òjò ò lè pa rẹ́. Àbúrò mi Ayọ̀tọ́lá ti sọ fún gbogbo ẹbí pé kí wọ́n máa gbáradì, pé bọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n máa kó wá lọ́jọ́ tí a bá ń ṣí i.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo gorí oyè, afárá Àlááji wó.

Ẹ ní sùúrù kí n ṣàlàyé. Kánààlì kan ló la àdúgbò wa sí méjì. Ilé àwọn èèyàn wà lápá kan. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ àti àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe bisikí, tó ń ṣe ike, tó ń ṣe ọ̀dà, wà lápá kejì. Àlááji, tó ní iléeṣẹ́ àga ní Agége, tí mo gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀, ló fi ọdún tirẹ̀ kọ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ sórí kánààlì yìí. Kọnkéré ni. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹfà la ṣí i, a ya fọ́tò, a jẹ ẹran. Kò pé oṣù kan tí àgbàrá fi gbé e lọ ní ìdájí Tọ́sìdeè kan. Ọlọ́run ló yọ wá, kò sẹ́ni tó wà lórí ẹ̀.

Ọmọ méjìlélógójì ni kò wá sílé-ìwé mi lọ́jọ́ náà. Àwọn tó wá lọ́jọ́ kejì, orí pákó kan ni wọ́n gbà. Pákó náà ò fẹ̀ tó àwo oúnjẹ, omi sì ń hó yee lábẹ́ ẹ̀. Mo dúró létí kánààlì, mo ń wo Màrdíyyàh, ọmọ Sùlíyá tí ilé ẹ̀ wà létí kánààlì, ọmọ ọdún méje, bó ṣe bọ́ bàtà, tó nà án sókè ní ọwọ́ méjèèjì, tó ń sún bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mi ò lè pariwo kó má baà já. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo gbá a mọ́ra, mo sì tún jágbe mọ́ ọn pé kí ló dé tó fi pẹ́. Báyìí ni mo ṣe máa ń ṣe tí ẹ̀rù bá bà mí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Àlááji wá sílé mi. Ó ti rù láàárín ọjọ́ méjì. “Ààrẹ,” ó ní, “ayé ló ṣe mí báyìí. Ayé ò fẹ́ràn mi.”

“Àlááji, ẹ fi ayé sílẹ̀,” mo ní. “Ẹ jẹ́ kí a lọ wo àwọn iṣẹ́ tí àwọn Ààrẹ àtijọ́ ṣe. Mo fẹ́ ya fọ́tò wọn sínú ìwé ètò ọdún mi.” Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ kó jáde nínú ìrora, mo sì fẹ́ wo irú òkúta tí àwọn yòókù lò. Ẹ ti mọ̀ mí báyìí.

A wọ mọ́tò Pijó ẹ̀. A kọ́kọ́ dé ibi kànga ẹlẹ́rọ tó wà lẹ́bàá ọjà: ẹrẹ̀ ló ń tú jáde, àwọn èèyàn ti fi ẹnu ẹ̀ ṣe ibi ìsáṣọ. A dé ibi tí wọ́n kọ́ fún àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Àgídìngbì: ó ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ewúrẹ́ mẹ́ta ló wà lábẹ́ ẹ̀. A dé ibi gọ́tà tí Ààrẹ ìjọ́sí fi sìmẹ́ńtì ṣe: ó ti là láti òkè délẹ̀. Níbi gbogbo tí a dé, iṣẹ́ ti bàjẹ́, òkúta mábù nìkan ló ń dán. Àlááji ń mi orí. Ó ní olè ni, ó ní kọntirakítọ̀ ni, ó ní ìjọba ìbílẹ̀ ni kò bójú tó o.

Mo ti ń ka òkúta. Iṣẹ́ tíṣà ni, kò sí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ tí mi ò ní kà. Kànga: ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà. Ibi ìdúró bọ́ọ̀sì: ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà. Gọ́tà: ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà.

“Àlááji! Ọjọ́ wo la ṣí tiyín?”

“Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹfà. Ṣebí ẹ̀yin lẹ gé kéèkì.”

“Oṣù wo lẹ dà á?”

“Ìparí oṣù karùn-ún. Sìmẹ́ńtì ò tètè dé.”

“Inú òjò!” Mo ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹko létí gọ́tà sá. “Àlááji, inú òjò ni gbogbo wa ń kọ́lé! Ọdún ẹgbẹ́ wa ń parí lóṣù kẹfà, gbogbo Ààrẹ ló ń sáré kó parí ẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀, ọdún mẹ́wàá la fi ń da kọnkéré sínú òjò! Ayé kọ́, olè kọ́! Àwa ni!”

Àlááji dúró. Ó wo òkúta, ó wo ojú ọ̀run. Ó wá bú sẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú ẹ̀, ó sì jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan níbẹ̀. “Háà! Tíṣà! Bẹ́ẹ̀ èmi gan-an, tí òjò bá ti ń rọ̀, mi ò jẹ́ kun àga ní fáníìṣì ní ṣọ́ọ̀bù mi! Mo mọ̀ ọ́n fún àga, mi ò mọ̀ ọ́n fún afárá!”

Ayọ̀ ni mo gbé délé lọ́jọ́ náà. Mi ò lè jókòó. Mo pe Ẹnjiníà Olúwarótìmí Bọ́dúndé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, tí ẹgbẹ́ ti yàn pé òun ló máa jẹ Ààrẹ lẹ́yìn mi. Kí n má parọ́, mi ò fẹ́ràn ẹ̀ púpọ̀. Ó máa ń wo aago tí mo bá ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó fetí sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní òótọ́ ni; ó ní nígbà òjò omi kún kánààlì, bíríkìlà ò lè gbẹ́ ìpìlẹ̀ dé ibi tí ilẹ̀ ti le, orí ẹrẹ̀ ni wọ́n gbé ẹsẹ̀ afárá Àlááji lé. Ó ní kọnkéré tútù tí àgbàrá bá fọ̀, iyanrìn ló kù. “Láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni kí ẹ dà á, mà,” ó ní. “Kò sí ìgbà míì.”

“Ó dáa, a ó dà á lóṣù kejìlá yìí.”

“Kò lè ṣeé ṣe, mà.” Ó wá ṣàlàyé fún mi. Àwọn iléeṣẹ́ tí a ń bẹ̀ fún sìmẹ́ńtì àti irin, oṣù kìíní ni wọ́n ń ṣètò ọdún wọn. Lẹ́tà wa á ti wà lórí tábìlì láti oṣù kẹsàn-án, a ó rí ìdáhùn lóṣù kẹta, oṣù kẹrin ni ẹrù á tó jáde. Ìwé àṣẹ láti Aláúsá náà kì í yá. Tí gbogbo ẹ̀ bá wá pé, òjò ti dé. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí Ààrẹ kankan tó bọ́ níbẹ̀ rí.

Mo gbé fóònù kalẹ̀. Ó ti yé mi. Kí Ààrẹ kan kó gbogbo ẹ̀ jọ, kí Ààrẹ tó kàn kọ́ ọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò le rárá! Ọmọ kíláàsì kẹta á mọ̀ ọ́n! Mo ti fẹ́ máa jó káàkiri pálọ̀ kí n tó rántí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó jọ láìkọ́ nǹkan kan, àti pé èmi ni ẹ̀wọ̀n oyè wà lọ́rùn ẹ̀. Ọkàn mi bà jẹ́. Mo wo àwòrán òkúta mi lórí tábìlì. Mi ò jẹun alẹ́.

Wẹ́sìdeè tó tẹ̀ lé e, mo lu agogo ìpàdé, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn: òkúta, oṣù kẹfà, òjò. Ariwo sọ! Inú àwọn kan dùn débi pé wọ́n ń lu tábìlì. Àwọn tí mo ka òkúta wọn bínú. Ìyáàfin Lọ́lá, tó ní ilé oògùn ní Ògbà, tó máa jẹ Ààrẹ lẹ́yìn Ẹnjiníà, ló béèrè ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. “Ààrẹ, ó dáa bẹ́ẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèrè la ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n ta ni Ààrẹ tó máa lo ọdún ẹ̀ láìkọ́ nǹkan kan?”

Mo dìde.

“Èmi ni,” mo ní. “Màá gbé yàrá ìkàwé jù sílẹ̀. Afárá ni kí a kó jọ fún. Ẹnjiníà ni yóò kọ́ ọ lọ́dún tirẹ̀.” Mo yíjú sí i. “Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Ẹnjiníà?”

Gbogbo ilé wò ó. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́kàn: ibùdó kọ̀ǹpútà fún àwọn ọ̀dọ́. Ó ti ń sọ ọ́ láti ọdún méjì. Òun náà fẹ́ òkúta tirẹ̀.

Ó wo aago. “Màmá,” ó ní, “ẹ jẹ́ kí n rò ó.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó! Mo ti fi ọdún mi rúbọ lójú gbogbo ayé, ó ní kí òun rò ó! Mo fẹ́ sọ agogo lù ú. Kò sí òfin tó ní kó parí iṣẹ́ tèmi; àṣà gan-an ní kó má fọwọ́ kàn án. Tó bá jókòó sórí oyè tó ní kọ̀ǹpútà lòun fẹ́, gbogbo ohun tí mo bá kó jọ á já sí asán, èmi á sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ Ààrẹ tí kò ṣe nǹkan kan. Ìyẹn ni wọ́n á máa fi mí pè títí màá fi kú.

Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́. Mo kọ lẹ́tà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mo wọ iléeṣẹ́ bisikí, mo wọ iléeṣẹ́ ọ̀dà, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn ọ̀gá títí àwọn akọ̀wé wọn fi ń fún mi ní tíì. Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé, mo ṣípá! Níléeṣẹ́ kan, ọ̀gá ibẹ̀ wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, “Màdáàmù, ẹ ní ọdún tó ń bọ̀ lẹ fẹ́ lò ó? Gbogbo ẹgbẹ́ tó ń wá síbí, ọ̀la ni wọ́n ń fẹ́ ẹ.” Ó buwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀. Mo fò jáde bí ọmọ tó gba máàkì ọgọ́rùn-ún. Àlááji tí wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ afárá ń bá mi káàkiri, òun ló ń wa mọ́tò, òun ló ń gbàdúrà, èmi ni mo ń sọ̀rọ̀. Ó lọ sí Aláúsá nígbà mọ́kànlá lórí ìwé àṣẹ kan ṣoṣo.

Oṣù kẹrin dé. Ìwé àṣẹ jáde. Irin dé, wọ́n kó o sí ṣọ́ọ̀bù Àlááji. Iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní kí a wá kó tiwa. Ibí yìí ni Èṣù ti wá mi wá.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bíi mẹ́fà wá sílé mi ní Sátidé. “Ààrẹ, gbogbo nǹkan ti pé. Kí lẹ tún ń dúró dè? Ẹ kọ́ ọ nísinsìnyí! Òjò ò tíì rọ̀ púpọ̀. Ẹ óò ṣí i lóṣù kẹfà, orúkọ yín á wà níbẹ̀.” Ayọ̀tọ́lá náà pè láti Ìkéré: “Ṣé kí n háyà bọ́ọ̀sì?” Ẹ sì wò ó, òòrùn ń ràn lóde lọ́jọ́ náà, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Mo ní kò burú. Kí n sọ òótọ́: mo ní kò burú. Mo tiẹ̀ ránṣẹ́ sí bíríkìlà kó wá ní Mọ́ńdè.

Mọ́ńdè, mo dúró pẹ̀lú bíríkìlà létí kánààlì, mo ń fi ọwọ́ hàn án ibi tó máa gbẹ́. Àwọn ọmọ mi ń ti iléèwé bọ̀, wọ́n ń gba orí pákó kọjá. Bíríkìlà ki irin bọ ilẹ̀, ó fà á jáde, omi rú sókè láti inú ihò náà. Kò tíì sí òjò, omi ti wà nísàlẹ̀. “Ìyá, a lè fi iyanrìn dí i,” ó ní, “kò sẹ́ni tó máa mọ̀.” Mo gbójú sókè, àwọn ọmọ méjì wà ní àárín pákó. Ojú tì mí, ó tì mí débi tí mi ò lè wo ojú bíríkìlà. Mo fún un ní owó ọkọ̀, mo ní kó padà wá lóṣù kejìlá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Ẹnjiníà pè mí. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn ní, “Mà, ẹ má kó sìmẹ́ńtì o. Tó bá jókòó títí oṣù kejìlá, á di òkúta nínú àpò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìwé fún wa pé a óò wá gbà á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.” Ó sì gbé e kalẹ̀. Mo ń wo fóònù. Kí lèyí? Ṣé ó ti gbà ni, àbí ìmọ̀ràn lásán ni? Mi ò lè bi í. Mo ti bi í lẹ́ẹ̀kan lójú gbogbo èèyàn, mo ní ìgbéraga tèmi náà.

Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà ọdún 2001, gbọ̀ngàn kún. Òjò ń rọ̀, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ kí ẹ béèrè. Ayọ̀tọ́lá wá, òun nìkan, kò háyà bọ́ọ̀sì. Akọ̀wé dìde, ó ń ka ìròyìn ọdún mi níwájú gbogbo àlejò: lẹ́tà tí a kọ, ìpàdé tí a ṣe, ìwé àṣẹ tí a gbà. Ó wá dé ibi tí gbogbo ọdún máa ń gba àtẹ́wọ́ tó pọ̀ jù. “Iṣẹ́ tí a parí,” ó ní. “Kò sí.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo gbọ́ ọ. Mo bọ́ ẹ̀wọ̀n oyè, mo fi kọ́ Ẹnjiníà lọ́rùn, mo sì rọra sọ sí i létí pé, “Ọmọ mi, má jẹ́ kó já sí asán.” Mi ò tíì bẹ ẹnikẹ́ni báyẹn rí láyé mi.

Ó lọ sídìí màíkì. Kò wo aago.

“Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbèrò ibùdó kọ̀ǹpútà,” ó ní. “Mi ò ní kọ́ ọ.” Ó fa ìwé yọ lápò. “Láti oṣù kẹrin ni mo ti ń kọ lẹ́tà lórí ẹ̀. Màá lo ọdún tèmi láti kó o jọ, Ìyáàfin Lọ́lá ló máa kọ́ ọ lọ́dún tiwọn, wọ́n ti gbà. Wọ́n ti ń wá ẹni tó máa kọ́ tiwọn náà. Afárá ni a óò dà lóṣù kejìlá. Ọjọ́ kẹta oṣù náà, aago mẹ́fà àárọ̀. Mo ti sọ fún bíríkìlà.” Ó yíjú sí mi. “Ẹ má bínú pé mo pẹ́, mà. Àwọn tí mo ń bẹ̀ ni kò tètè dáhùn. Mi ò fẹ́ ṣe ìlérí asán lójú yín.”

Ẹ gbà mí o! Mo fò sókè, àga mi ṣubú. Mo ń pariwo, mo ń sunkún, mo ń fọwọ́ lu ẹ̀yìn Àlááji tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun náà ń kígbe “Àlùhàmùdùlíláì!” Ìyáàfin Lọ́lá gbé orin, gbogbo gbọ̀ngàn gbè é. Ayọ̀tọ́lá di mọ́ mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kò tiẹ̀ yé mi, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ ṣe nǹkan kan.”

Ìgbà tí oṣù kejìlá dé, ilẹ̀ kánààlì gbẹ fúrúfúrú. Bíríkìlà gbẹ́ ẹ títí ó fi kan ilẹ̀ líle, Ẹnjiníà fúnra ẹ̀ wọ inú ihò lọ fi irin gbá a, ó ń dún gbọ̀ngbọ̀n, a pàtẹ́wọ́. A dà á. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n gbáko la fi ń bu omi rin kọnkéré náà kó lè le. A pín ọjọ́ láàárín ara wa. Ẹ bá rí àwọn ọ̀gá tó ń gun mọ́tò ọlọ́yẹ́, tí wọ́n ru kẹ́ẹ̀gì omi láti ilé Sùlíyá ní ìdájí! Ìyáàfin Lọ́lá fi ẹ̀wù alẹ́ wá lọ́jọ́ kan. Ìjà kan ṣoṣo la jà, orí òkúta ni. Àwọn kan ní orúkọ mi, àwọn kan ní ti Ẹnjiníà. Àlááji tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ fọwọ́ lu tábìlì. “Ojú mi ti rí ọ̀pọ̀ òkúta,” ó ní. “Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni tó máa wọ ibẹ̀ títí òjò oṣù kẹfà fi máa rọ̀ lórí ẹ̀.”

Òjò náà dé ní Túsìdeè kan. Láti ìrọ̀lẹ́ ló ti ń rọ̀, kò dá títí ilẹ̀ fi mọ́. Aago mẹ́fà ààbọ̀, Àlááji ti ń fun fèrè mọ́tò níwájú ilé mi, mo sì ti wọ bàtà òjò dúró dè é. Ìgbà tí a sọ̀ kalẹ̀, a gbọ́ ìró omi kí a tó rí i. Kánààlì ti kún dẹ́nu, ó ń gbé ọ̀rá, ó ń gbé igi, ó ń gbé táyà.

Afárá wà níbẹ̀.

“Ó dúró!” Àlááji sáré lọ sí àárín ẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀, fìlà ẹ̀ ń jò. “Ó dúró, Tíṣà! Ẹ wá wò ó! Kò mì!” Mo tẹ̀ lé e, mo ń fọwọ́ lu irin ìdìmú ẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín bí wèrè. Mo fa téèpù tí wọ́n fi ń wọn nǹkan yọ nínú báàgì. Òjò ti rọ̀, òfin Àlááji ti pé, ó kù ká wá ibi tí òkúta máa jókòó sí. Mo ní kó di ẹnu téèpù mú lápá ọ̀tún, èmi fà á dé apá òsì. A wá ń jiyàn, ó ní kó wà lọ́wọ́ ilé, mo ní kó wà lọ́wọ́ iléèwé.

“Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà lọ́nà!”

Ọmọbìnrin kan ni, ó wọ aṣọ iṣẹ́ iléeṣẹ́ bisikí, ó fi ọ̀rá bo orí. Àwọn bíi mẹ́wàá ló wà lẹ́yìn ẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé mi sì wà lẹ́yìn wọn, tí téèpù wa dá dúró. “Aago méje ni wọ́n ń ti géètì, wọ́n á lé mi padà! Kí lẹ̀ ń wò gan-an? Ṣé ẹ ò rí afárá rí ni?”

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ sí mi báyẹn rí. Mo wo Àlááji, Àlááji wò mí. Mo tú téèpù sílẹ̀, ó ká wọ inú ara ẹ̀, mo sì fẹ̀yìn ti irin.

“Má bínú, ọmọ mi,” mo ní. “Ẹ máa kọjá.”

Wọ́n kọjá. Wọ́n ń sáré, wọ́n ń ṣàwàdà, ọmọ kan ń jẹ àkàrà, Màrdíyyàh kí mi pé “Ẹ káàárọ̀ mà,” bàtà wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó wo omi. Mo dúró síbẹ̀ títí ẹni tó kẹ́yìn fi wọlé, mo wá sáré tẹ̀ lé wọn kí n má baà pẹ́. Ìgbà tí mo délé lálẹ́ tí mo bọ́ bàtà ni mo tó rántí pé a ò wọn ibi tí òkúta máa wà.